Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn lórí ẹ̀kọ́ àbójútó igbó tí mò ń kọ́ ní yunifásítì

Akẹ́kọ̀ọ́ láti Iléṣà:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀gbọ́n inú ẹgbẹ́ yìí. Ẹ̀kọ́ àbójútó ohun àmúṣọrọ̀ inú igbó ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ dókítà ni mo fi sípò kìíní nígbà tí mo ṣe ìdánwò JAMB. Yunifásítì ló yí i padà fún mi, láti ìgbà náà ni àwọn ẹbí mi kò sì ti jẹ́ kí n sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì a máa pè mí ní ọdẹ aṣọ́gbó. Bàbá mi àgbà a máa bi mí níwájú àlejò pé ṣé ó yẹ kí ènìyàn san owó ilé ẹ̀kọ́ kó tó mọ ìrókò yàtọ̀ sí arère, nígbà tí ọmọ tó ń ta pákó mọ̀ ọ́n. Níbi ìnáwó kan lọ́dún tó kọjá, àbúrò ìyá mi sọ pé Ìjẹ̀ṣà Òṣómàáló kì í rán ọmọ lọ sí yunifásítì kó lọ máa ka ewé, gbogbo ènìyàn sì bú sẹ́rìn-ín, títí kan ẹni tó ń bu ọbẹ̀. Mo fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ kí n tún JAMB ṣe. Kí ni ẹ rí sí i?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:
Ọmọ mi, tún JAMB ṣe o. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ni wọ́n fún ọmọ tèmi náà, a kọ̀ ọ́, ó jókòó sílé fún ọdún kan, ó ń bá mi gbé èlùbọ́ lọ sọ́jà, lónìí ó ti di apòògùn.

Aṣọ́gbó Tó Ti Fẹ̀yìntì, Ilé-Ifẹ̀:
Mo ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí ọdún tí o wà, mi ò rí bí máàkì rẹ ṣe rí, mi ò sì rí ohun tí ìwọ fúnra rẹ kò fẹ́ nínú ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹbí nìkan ni o kó wá. Láti ọdún 1963 ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ igbó ní Yunifásítì Ìbàdàn, kì í sì í ṣe ewé ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Ọmọ tó ń ta pákó lè mọ arère yàtọ̀ sí ìrókò lóòótọ́, àmọ́ kí bàbá àgbà bi í pé igi mélòó ni a lè gé nínú igbó kan lọ́dún tí igbó náà kò fi ní run. Kí a tó lè dáhùn ìyẹn, a ó wọn ìtóbi igi ní mítà 1.3 sókè láti ilẹ̀, a ó wọn gíga rẹ̀, a ó ṣírò gẹdú tó wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ a ó sì padà sídìí àwọn igi kan náà láti tún wọn wọ́n, nítorí pé ọ̀pọ̀ igi inú igbó tiwa kì í ní òrùka ọdọọdún tó hàn kedere tí a lè fi ka ọjọ́ orí wọn.

Ọmọ Obòkun:
Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ̀gbọ́n, nígbà tiyín ìjọba ń gba ènìyàn síṣẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ohun kan náà, ó sì parí rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n fóònù ló ń tà báyìí.

Aṣọ́gbó Tó Ti Fẹ̀yìntì, Ilé-Ifẹ̀:
Ta ló ní ìjọba nìkan? Àwọn tó ń gbin igi tíìkì àti igi Gmelina fún títà wà, àwọn tó ń ya àwòrán igbó láti ojú ọ̀run wà, àwọn tó ń ṣe ìwádìí wà. Ọmọ tó ka ìwé ìṣègùn náà ń wá iṣẹ́ kiri. Ṣé a ó ní kí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn pa ni?

Tísà Kẹ́mísírì:
Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí dáhùn ná. Ọdún kélòó lo wà?

Akẹ́kọ̀ọ́ láti Iléṣà:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi. Kì í ṣe pé mo ya ọ̀lẹ, máàkì mi kò burú rárá, mo tilẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ìṣirò igbó ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ. Ọdún kẹrin ni mo wà.

Ọmọ Obòkun:
Ọdún kẹrin nínú márùn-ún! O sì jẹ́ kí a máa jiyàn lórí JAMB láti ìrọ̀lẹ́.

Tísà Kẹ́mísírì:
Ẹni tó wà ní ọdún kẹrin kì í sá nítorí yẹ̀yẹ́ ibi ìnáwó. Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Akẹ́kọ̀ọ́ láti Iléṣà:
Mi ò fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba, ṣùgbọ́n ẹ ti bi mí. Iṣẹ́ gẹdú ni bàbá mi ń ṣe, sọ́míìlì rẹ̀ ló sì ń san owó ilé ẹ̀kọ́ mi. Ilé iṣẹ́ kan tó ń bójú tó igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba dá sí, níbi tí wọ́n ti gba ọkọ̀ gẹdú lọ́wọ́ bàbá mi rí nítorí pé àmì òòlù tí àwọn aṣọ́gbó fi ń lu gẹdú tí a ti san owó rẹ̀ kò sí lára igi náà, ni wọ́n fẹ́ kí n ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹnu iṣẹ́ mi báyìí. Inú bàbá mi dùn. Ó ní nígbà tí mo bá ti wà níbẹ̀, òòlù ti wọlé wa nìyẹn. Ẹ má bá mi bú u, òun ló tọ́ mi.

Aṣọ́gbó Tó Ti Fẹ̀yìntì, Ilé-Ifẹ̀:
Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹ̀kọ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n pín ọ sí ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni igbó ọba, owó tí agégẹdú bá san sì wà lára ohun tó yẹ kí a fi gbin igi mìíràn dípò èyí tí a gé. Gẹdú tí kò ní àmì, kò sẹ́ni tó kà á mọ́ ìṣirò, ìwọ tó fẹ́ràn ìṣirò igbó sì mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe sí iye tí a pè ní èyí tó kù. Tètè lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí o tó gba lẹ́tà tí wọn yóò fi pín ọ síbẹ̀, kí o sọ pé ẹbí rẹ ń bá ilé iṣẹ́ ọ̀hún ṣòwò. Má ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Béèrè fún ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó tó wà ní Ìbàdàn, FRIN, tó ti wà láti ọdún 1954, tàbí ibi tí wọ́n ti ń tọ́ irúgbìn igi.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:
Èmi ṣì ń sọ ọ́ o, JAMB ni.

Tísà Kẹ́mísírì:
Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sókè.

Akẹ́kọ̀ọ́ láti Iléṣà:
Mo gbọ́ yín, ẹ̀yin bàbá. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ibẹ̀, bàbá mi yóò béèrè ìdí, ó sì lè má san owó ọdún karùn-ún. Mo ní ìwọ̀nba owó tí mo ń rí níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò.

Aṣọ́gbó Tó Ti Fẹ̀yìntì, Ilé-Ifẹ̀:
Sọ fún bàbá rẹ pé ilé ẹ̀kọ́ ló pín ọ sí Ìbàdàn, nítorí pé bí olùkọ́ rẹ bá yí i, òun ló pín ọ lóòótọ́. Ti owó ọdún karùn-ún, kọ sí mi níkọ̀kọ̀, kí a jọ wò ó.