Báwo ni mo ṣe lè ya fọ́tò tata ní dúdú àti funfun tí kò fi ní pòórá sínú koríko?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayàwòrán. Mo fẹ́ràn láti máa ya àwọn kòkòrò kéékèèké inú koríko ní dúdú àti funfun, nítorí pé bí àwọ̀ bá ti kúrò, ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́sẹ̀ wọn á hàn kedere. Tata ló ń dà mí láàmú: òun àti ewé tó bà lé á jọ di àwọ̀ eérú kan náà. Fílítà pupa (gíláàsì aláwọ̀ pupa tí a ń fi bo iwájú lẹ́ńsì) máa ń mú kí kòkòrò pupa funfun sí i, kí ewé sì dúdú, ṣùgbọ́n kò ran tata aláwọ̀ ewé lọ́wọ́. Ṣé kí n gbára lé ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ẹ̀yìn tata wá ni? Bí mo bá sì dín ojú lẹ́ńsì kù sí f/16, ìyẹn ihò tó kéré gan-an, kí gbogbo ara rẹ̀ lè hàn, koríko ẹ̀yìn á hàn jù. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni ẹ̀yin máa ń lò?