Ẹ̀yìn táńkì ẹja mi ò wuyì: ṣé mo ṣì lè fi nǹkan sí i?

Olómi Tútù
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin olùsìn ẹja. Táńkì mi jẹ́ lítà 200, ó sì ti pẹ́ nílẹ̀. Ewéko inú rẹ̀ ti ta gbòǹgbò, ara ẹja le, omi mọ́ gaara. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń bí mi nínú: wáyà hítà, rọ́bà fílítà, ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ń bó, gbogbo rẹ̀ hàn ketekete. Mo wá rí ìbòjú ẹ̀yìn táńkì kan tí wọ́n fi fóòmù gbẹ́ bí ojú àpáta, inú omi ni wọ́n ń fi í sí, ojú mi ò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ṣé mo lè tì í wọlé láì kó ẹja kúrò? Angelfish, neon tetra àti pleco kan (ẹja tó máa ń fẹnu lẹ̀ mọ́ gíláàsì) ló wà níbẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín táńkì àti ògiri kò ju ibi tí apá mi lè gbà lọ.

Màmá Ẹlẹ́ja
Ọmọ mi, gbàgbé àpáta yẹn ná. Fóòmù kì í rì. Bí o bá tì í wọlé báyìí, á léfòó, àfi tí o bá fi sílíkóònù lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, sílíkóònù kì í sì í mú ibi tó tutù. Ó di kí o kó ẹja, kí o fa omi, kí gíláàsì gbẹ táútáú, kí o lẹ̀ ẹ́, kí o wá fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 sí 48, ó kéré tán. Òórùn kíkan tí wàá máa gbọ́ lára rẹ̀, ásíìdì ni. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń rùn, má da omi sí i.

Pleco yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bí àlàfo bá wà lẹ́yìn àpáta, ibẹ̀ ló máa forí lé. Mo mọ táńkì kan tó jẹ́ pé òórùn ló sọ fún wọn pé ẹja wà lẹ́yìn fóòmù.

Ìta ni kí o gbà. Ra fíìmù, ìyẹn ike fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn táńkì láti ìta, gé e bá ìwọ̀n rẹ̀. Fi aṣọ tó rin nu gíláàsì, pàápàá àwọn ìlà funfun níbi tí omi ti kán tó sì gbẹ sí. Má fín oògùn ìnu-gíláàsì kankan nítòsí omi ẹja o. Fi òróró pa gíláàsì náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tẹ́ fíìmù lé e láti òkè, kí o máa fi etí káàdì àtijọ́ ti afẹ́fẹ́ jáde. Láìsí òróró, afẹ́fẹ́ á há sáàárín, wàá sì máa rí àbàwọ́n tó ń dán yinrinyinrin láti iwájú. Nu òróró kúrò ní etí rẹ̀, fi téèpù dí i, òkè ní pàtàkì, torí omi tó bá kán wọ ibẹ̀ á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ẹni tó bá ní kí o fa táńkì síwájú díẹ̀, má dá a lóhùn. Lítà omi 1, kílò 1 ni. Kílò 200 nìyẹn, a ò tíì ka òkúta àti gíláàsì. Ojú ìsopọ̀ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ya. Ká fíìmù bí ẹní, kí ẹnì kan dúró lọ́tùn-ún, ẹnì kejì lósì, kí ẹ máa tú u bọ̀ láàárín.

Adúmáadán
Dúdú ni tèmi o. Ìlà búlúù ara neon tetra kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn níwájú ògiri funfun. Fi dúdú sẹ́yìn rẹ̀, á máa tàn. Rọ́bà fílítà tó dúdú náà á pòórá. Àwòrán òkun àti iyùn lẹ́yìn ẹja odò, ká má purọ́, kò bá a mu.

Ọ̀sìn Odò
Òótọ́ ni Màmá sọ. Àmọ́ bí àpáta bá ṣì ń wù yín, ẹ tọ́jú fílítà yín. Inú kàn-ìn-kàn-ìn rẹ̀ ni bakitéríà tó ń jẹ amóníà, májèlé tó ń ti ara ẹja jáde, ń gbé. Bó bá wà láìṣiṣẹ́ fún wákàtí púpọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ bu omi táńkì sí bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá, ẹ kó ẹja, hítà àti fílítà síbẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ tún wo ọ̀pá gíláàsì tó dábùú òkè táńkì: odidi àpáta kì í gba ibẹ̀ kọjá, ẹ máa ní láti gé e.

Olómi Tútù
Mo ti jáwọ́ nínú àpáta. Fíìmù dúdú ni. Màmá, ẹ ṣeun. Òróró wo ni ká lò? Ẹja ò sì ní bẹ̀rù?

Màmá Ẹlẹ́ja
Òróró ìdáná tí kò láwọ̀. Bó bá ń ṣàn wálẹ̀, ó ti pọ̀ jù, nu ún kúrò. Pa iná táńkì kí o tó bẹ̀rẹ̀, má sì tàn án títí ilẹ̀ á fi mọ́. Angelfish lè sá wọ inú ewéko, àwọ̀ wọn sì lè ṣá díẹ̀. Tí wọ́n bá ti jáde wá jẹun, ó ti parí.