Ọjọ́ tí màmá mi kó oògùn lé mi lọ́wọ́

Arákùnrin tó sọ ìtàn àìsàn ọpọlọ tiẹ̀ ṣáájú mi ní òun ò tíì lè kúrò lọ́dọ̀ ìyá òun láti ìgbà tí ara òun ti yá. Mo mọ bó ṣe ń rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà.

Ọmọ ọdún 19 ni mí, mo wà ní pólì, nígbà tí àìsàn tèmi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, èmi ló ń bá wí. Oṣù mẹ́rin ni mo lò ní ilé àdúrà kan pẹ̀lú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta. Àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ mi òsì. Ìyẹn náà tó.

Ohùn náà lọ, àmọ́ mo ti di ọmọ ọwọ́ padà. Màmá mi ló ń ka oògùn sí mi lọ́wọ́ lálaalẹ́. Bí mo bá gbé e mì, á ní, "Lanu." Màá lanu, màá gbé ahọ́n sókè, á tẹjú mọ́ ọn dáadáa. Ọdún márùn-ún gbáko! Mi ò bínú sí i. Ó ti fi ìró ara rẹ̀ bò mí láàárín ọjà rí.

Nọ́ọ̀sì kan ló bá a sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò tiẹ̀ ní Àrò ní 1954, ilé àwọn ará abúlé ni àwọn aláìsàn ń gbé, wọ́n sì ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ lóko. "Màmá, ẹ jẹ́ kó kọ́ṣẹ́."

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo yàn, bẹ́ẹ̀ oògùn ń mú ọwọ́ mi gbọ̀n. Màá fi itọ́ tẹ ẹnu òwú, màá sé èémí, òwú á tún yà fún ihò abẹ́rẹ́. Ọ̀gá mi ò gbà á lọ́wọ́ mi rí. "Ẹnìkan ò lé ẹ," ni wọ́n máa ń sọ. Ìgbà tí dókítà dín oògùn náà kù ni ọwọ́ mi tó rọlẹ̀.

Lọ́jọ́ fírídọ̀mù mi, mọ̀lẹ́bí kan sọ ọ́ sókè pé bí wèrè bá san tán, á ku èyí tí yóò fi máa dẹ́rù ba ọmọ ẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa òwe yẹn níbi tí irú wa bá wà.

Mo gba yàrá kan l'Ọ́báńtokò ní 2021. Ọjọ́ tí mo kó ẹrù débẹ̀, màmá mi kó láílọ́ọ̀nù oògùn lé mi lọ́wọ́, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lọ. Mo bu omi, mo lo oògùn, mo lanu fún un. Ó ní kí n pa ẹnu mi dé.

Ẹ̀ẹ̀kan ló tún gbé mi, torí mo fi oògùn sílẹ̀ nígbà tí mo rí i pé mò ń sanra. Mi ò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, rédíò aládùúgbò tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ mi. Èmi fúnra mi ni mo ti ṣọ́ọ̀bù, tí mo gun ọ̀kadà lọ sí Àrò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo padà sídìí máṣíìnì mi.

Arákùnrin mi, ta ló ń ka oògùn tìẹ báyìí?