Ọ̀la ni ìpàdé: ta lẹ mọ̀ tó lè bá ẹgbẹ́ GAA wa ṣètò yàrá ìpààrọ̀ aṣọ àti pápá kejì?

Màmá Tèmi: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi ní Ireland. Ẹ jọ̀ọ́, kíákíá ni mo nílò ìmọ̀ràn yìí. Ẹgbẹ́ GAA (eré ìbílẹ̀ Ireland bíi hurling àti bọ́ọ̀lù Gaelic) tí àwọn ọmọ mi ń lọ fẹ́ kọ́ yàrá ìpààrọ̀ aṣọ tuntun, wọ́n sì tún fẹ́ ṣe pápá kejì. Wọ́n fi mí sínú kọ́mítì. Agogo mẹ́jọ alẹ́ ọ̀la ni ìpàdé, wọ́n sì ní kí n mú orúkọ wá. Ta lẹ mọ̀ tó ń bá ẹgbẹ́ kọ fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ ìjọba? Àbí ayàwòrán ilé tí owó rẹ̀ kò ní ga jù? Ẹ dákun.

Bàbá Káyọ̀: Ẹ kú alẹ́ mà. Kí n tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ ta ni? Ṣé orúkọ àwọn trustee, ìyẹn àwọn tó ń di ohun ìní mú fún ẹgbẹ́ yín, ló wà lórí ìwé ilẹ̀ ni, àbí kánsù ló ni í?

Ṣeun D15: Sports Capital, owó ìrànwọ́ ìjọba fún ẹgbẹ́ eré ìdárayá, ni gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ sá lọ bá. Ní ìpele ti 2023, €200,000 ni òkè owó tí wọ́n lè fún ẹgbẹ́ àdúgbò. Ṣùgbọ́n wọn kì í ka owó léni lọ́wọ́ o. Ẹ ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́, ẹ ó kó ìwé owó agbaṣẹ́ṣe lọ, kí wọ́n tó san án. Ta ni yóò fi owó dí àárín yẹn? Ìyẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ bi wọ́n lọ́la. Ẹni tó máa kọ fọ́ọ̀mù kò wọ́n.

Alàgbà Fẹ́mi: Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa, kó má bàa ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ wa gba agbaṣẹ́ṣe kan tí ẹnìkan nínú kọ́mítì mọ̀. Ó ní òjò ń bọ̀, ká tètè wa ilẹ̀, pé lẹ́tà ìjọba á bá wa lẹ́nu iṣẹ́. Katakata wọ pápá ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú lẹ́tà. Nígbà tí wọ́n rí déètì tó wà lórí ìwé owó, wọ́n ní àwọn kì í san owó iṣẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ kí àwọn tó fọwọ́ sí i. Bí owó ṣe lọ nìyẹn.

Iṣẹ́ náà gan-an ńkọ́? Pápá GAA kì í ṣe pápá bọ́ọ̀lù tá a mọ̀ nílé. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 130 sí 145, ìbú rẹ̀ jẹ́ 80 sí 90. Gbogbo ibi tó fẹ̀ tó yẹn ló gbọ́dọ̀ ní páìpù tó ń fa omi lábẹ́, kí òkúta wẹ́wẹ́ sì bo páìpù náà dáadáa. Òkúta tí wọ́n dà sí tiwa kò tó nǹkan. Nígbà tí oṣù Kọkànlá dé, mo dúró níwájú gọ́ọ̀lù, mo fi igi hurley ọmọ mi, èyí tí wọ́n fi ń gbá hurling, gún ilẹ̀. Ó rì wọlé títí dé ibi tí ọwọ́ ń dì mú, omi dúdú sì ń sun jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún kejì rèé tí àwọn ọmọ wa ń yá pápá ẹlòmíràn. N kì í lè gba iwájú ibẹ̀ kọjá kí inú mi má bàjẹ́.

Adérónkẹ́ Naas: Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Irú owó yìí dunni wọra.

Ṣeun D15: Ẹ̀gbọ́n, kí lorúkọ agbaṣẹ́ṣe náà?

Alàgbà Fẹ́mi: Mi ò ní kọ ọ́ síbí, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ lọ́yà.

Bàbá Káyọ̀: Ẹ̀gbọ́n, mo bá yín kẹ́dùn, àmọ́ kì í ṣe agbaṣẹ́ṣe nìkan ló jẹ̀bi. Ṣé coiste chontae, ìyẹn ìgbìmọ̀ GAA ti county yín, fọwọ́ sí i? Ṣé ó dé Leinster Council, ìgbìmọ̀ GAA tó wà lókè wọn? Ẹgbẹ́ kan kì í dá kọ́lé tàbí dá yáwó lábẹ́ òfin GAA láìgba àṣẹ lókè.

Alàgbà Fẹ́mi: Ẹ̀yin kò sí níbẹ̀. A kọ̀wé sí wọn. Ìdáhùn ni kò tètè dé.

Bàbá Káyọ̀: Àfi kẹ́ ẹ dúró dè é náà, sà.

Ìyá Ìbejì Cork: Ẹ foríjì mí o, níbo ni mo ti lè rí helmet hurling tí kò wọ́n? Méjì ni mo fẹ́ rà.

Adérónkẹ́ Naas: Ẹ bi ẹgbẹ́ yín lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n máa ń ní èyí tí àwọn ọmọ tó ti dàgbà fi sílẹ̀. Ẹ kàn wò ó pé àmì ààbò I.S. 355 wà lára rẹ̀. Ẹ má sì gé wáyà iwájú rẹ̀ o.

Dúpẹ́ Balbriggan: Ẹ jẹ́ ká padà sórí owó. Lotto ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló kọ́ tiwa. Yúrò méjì méjì ni, ó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, kò dúró rí. Ẹ jẹ́ kí gbogbo òbí máa ta á.

Alhaji Mùrí: Tẹ́tẹ́ ni, àbúrò mi. Mo máa ń gbé àwọn ọmọ lọ síbi ìdíje, mo máa ń fọ jersey, mo ti gbá ilẹ̀ gbọ̀ngàn wọn rí. Ṣùgbọ́n mi ò lè ta lotto.

Dúpẹ́ Balbriggan: Alhaji, iṣẹ́ àwọn ọmọ ni wọ́n ń fi owó náà ṣe sà. Kò sẹ́ni tó ń dolówó níbẹ̀.

Alhaji Mùrí: Mo gbọ́. Síbẹ̀, tẹ́tẹ́ ni.

Adérónkẹ́ Naas: Èmi Kristẹni náà kò lè ta á. Kí wọ́n fún wa ní ọ̀nà mìíràn tá a lè gbà kó owó jọ. Tí ẹgbẹ́ bá ti gba ìwé 847A, ìyẹn ìwé àṣẹ owó orí fún ọrẹ sí ẹgbẹ́ eré, ẹni tó bá fi €250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tọrẹ, ẹgbẹ́ lè gba owó orí tó wà lórí rẹ̀ padà lọ́wọ́ Revenue, àwọn agbowó orí. Ìyẹn kò ní tẹ́tẹ́ nínú.

Ṣeun D15: Èyí dáa gan-an. Fún owó àárín tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, Community Finance Ireland àti Clann Credo jẹ́ ilé ayánilówó tó máa ń yá ẹgbẹ́ eré lówó. Bí iná pápá bá sì wà nínú ètò yín, ẹ lọ kí àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ìwé tó dé kánsù. €20 péré lẹnikẹ́ni máa san láti kọ̀wé ta kò yín, wọ́n sì ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Adérónkẹ́ Naas: Kẹ́ ẹ sì kọ iye àwọn ọmọbìnrin sínú fọ́ọ̀mù kedere. Camogie, ìyẹn hurling ti obìnrin, ti wà láti 1904, bọ́ọ̀lù Gaelic ti obìnrin ti wà láti 1974, gbogbo wọn ló fẹ́ para pọ̀ mọ́ GAA ní 2027. Àwọn tó ń pín owó á béèrè ibi tí àwọn obìnrin yóò ti máa pààrọ̀ aṣọ.

Màmá Tèmi: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ni mi ò ṣe tètè dáhùn. Bàbá Káyọ̀, ilẹ̀ kánsù ni. Ọdún mọ́kànlá ló kù lórí líìsì.

Bàbá Káyọ̀: Mọ́kànlá! Ó ti parí nìyẹn, mà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Sports Capital máa ń béèrè fún iṣẹ́ ìkọ́lé. Ẹ dáwọ́ fọ́ọ̀mù dúró. Líìsì tuntun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ gbà.

Alàgbà Fẹ́mi: Ẹ má jẹ́ kí katakata kankan wọbẹ̀ o. Mo bẹ̀ yín.

Dúpẹ́ Balbriggan: Tí líìsì ò bá tíì sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ lotto ní tiyín. Owó á ti máa kó jọ.

*(Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé ìpàdé)*

Màmá Tèmi: Ẹ káàárọ̀ o. A parí ìpàdé ní agogo mọ́kànlá òru. Mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ fún wọn, wọ́n sì gbọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ dúró de ìpele Sports Capital mìíràn. Pápá kejì ti kúrò ńbẹ̀. Yàrá méjì fún àwọn ọmọbìnrin ni a máa kọ́, a ó yáwó ní credit union (ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù), bàbá ọmọ kan tó jẹ́ ayàwòrán ilé á sì yà á fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí n máa ta mítà pápá láti fi kó owó jọ, ìyẹn ni pé kí ẹbí kọ̀ọ̀kan ra mítà kan, ká kọ orúkọ wọn sára ògiri. Mo gbà.

Bàbá Káyọ̀: Lórí líìsì ọdún mọ́kànlá? Màmá Tèmi, ẹ̀yin ni yóò kọ́lé fún kánsù o.

Màmá Tèmi: Mo mọ̀, sà. Ní Sátidé tó kọjá, òjò ń rọ̀. Ẹ̀yìn mọ́tò ni Tèmi ti pààrọ̀ aṣọ. Mo fi tówẹ̀lì dí fèrèsé, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì dì í mú, mẹ́ta nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì tò síta, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń dúró kó kàn wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n. Mi ò lè sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró de líìsì.

Alàgbà Fẹ́mi: Ó yé mi. Ẹ sáà gba àṣẹ Leinster Council kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Màmá Tèmi: Ìwé yẹn lọ láàárọ̀ yìí, sà, òun àti lẹ́tà líìsì sí kánsù. Alhaji, mo ti kọ orúkọ yín sí mítà àkọ́kọ́.

Alhaji Mùrí: Kọ méjì.