Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: omi kànga la fi ń po mílíìkì ọmọ

Ìyá Ìkókó:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Oṣù kẹrin rèé tí a kó kúrò ní Chicago wá sí abúlé kan ní Iowa nítorí iṣẹ́ ọkọ mi. Ilé àtijọ́ la rà, oko àgbàdo ló yí i ká. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ìhà àríwá, òórùn ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ á gba gbogbo ilé. Kò sí omi ìjọba níbí. Kànga la ní, pọ́m̀bù ló ń fà á wọlé. Omi náà mọ́ lójú, ó tutù, ó dùn lẹ́nu ju ti Chicago lọ.

Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ méje lánàá. Ọmú mi kò tó o, mo ń fi mílíìkì agolo kún un. Ìyá ọkọ mi tó wá láti Ìkirè láti bá wa wẹ ọmọ ló ń se omi rẹ̀. Màmá kì í fi ọ̀rọ̀ omi ṣeré: wọ́n á jẹ́ kó hó títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì, kí wọ́n tó dà á sínú fúláàsì. Nírọ̀lẹ́ yìí ni mo rí ìwé àyẹ̀wò omi láàárín àwọn ìwé ilé. Wọ́n ní kò sí bakitéríà. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n kọ nitrate sí, 14 mg/L (mílígíráàmù nínú lítà omi kan) ló wà níbẹ̀, wọ́n sì fi pupa fàlà sí i nídìí. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́. Màmá ní omi tó bá ti hó, kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Mi ò tíì fojú kan oorun.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Àbúrò mi, má fi omi yẹn po mílíìkì mọ́, láti alẹ́ yìí lọ. Omi inú ìgò ni kí o lò. Èyí tó wà nínú fúláàsì, dà á nù.

Ohun tí Màmá mọ̀ kì í ṣe irọ́. Sísè ń pa kòkòrò, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ là nílé. Ṣùgbọ́n nitrate kì í ṣe kòkòrò, èròjà tó ń ti inú ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran wọ inú kànga ni, bí iyọ̀ ló rí nínú omi. Bí ọbẹ̀ bá ń gbẹ lórí iná, ṣé iyọ̀ rẹ̀ ń dín ni, àbí ó ń le sí i lẹ́nu? Omi tí ẹ bá sè tó dín sí ìdajì, 14 yẹn ti ń lọ sí 28 nínú rẹ̀. 10 sì ni òpin tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi sí i fún omi ìlú.

Nínú ikùn ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, nitrate máa ń yí padà di nitrite, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé ọ́síjìn kiri ara. Iowa tí ẹ wà yìí gan-an ni dókítà Hunter Comly ti kọ nípa rẹ̀ ní 1945, nípa àwọn ìkókó tí ara wọn di aláwọ̀ aró nítorí omi kànga oko tí wọ́n fi po mílíìkì wọn.

Gbé ọmọ lọ síbi tí iná ti mọ́lẹ̀ dáadáa báyìí. Ọmọ adúláwọ̀ ni, awọ ara rẹ̀ lè má fi hàn. Inú ètè, èrìgì àti èékánná ni kí o wò. Bí o bá rí àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ aró, tàbí tó ń mí gúlegúle, tàbí tó rọ jọwọrọ tí kò fẹ́ jí, pe 911, má dúró de ọkọ rẹ. Bí kò bá sí èyí kankan, pe dókítà ọmọ láàárọ̀, kí o sì sọ 14 yẹn fún wọn.

Ìyá Ìkókó:
Mo ti wò ó. Inú ètè rẹ̀ pupa, èrìgì náà pupa. Ó jí, ó mu ọmú, ó tún ti sùn. Mo sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ inú ọbẹ̀ yẹn fún Màmá. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Háà, èmi ni mo wá ń sè é lásèjù." Mo bẹ̀ wọ́n títí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmú tèmi ńkọ́? Èmi náà ń mu omi yẹn. Omi ìwẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Máa fún un lọ́mú, ọmú ìyá kì í gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ débi tó máa pa á lára. Ìwẹ̀ náà kò léwu, kì í gba ara wọlé. Kí Màmá ṣáà má ta á sí i lẹ́nu nígbà ìwẹ̀, o mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe. Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó ń bá wọn wí.

Bàbá Ìbejì:
A dúpẹ́ pé ara ọmọ le. Iowa lèmi náà wà, kànga là ń lò. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé òfin omi mímu ti 1974 kò kan kànga aládàáni. Kò sẹ́ni tó máa wá yẹ̀ ẹ́ wò fún yín. Ẹni tó ni ilé ló ni àyẹ̀wò. Ẹ pe ọ́fíìsì ìlera àyíká ti káúntì yín. Iowa ní owó tí wọ́n fi ń yẹ kànga wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé ọwọ́ yín ti pẹ́, iye yẹn sì máa ń lọ sókè sódò, pàápàá lẹ́yìn òjò, bí wọ́n bá ti da ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ sóko. Bí tuntun bá dé, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà: bó bá jẹ́ "as N" (nitrogen inú nitrate nìkan ni wọ́n wọ̀n), 10 ni òpin, bó bá jẹ́ "as NO3" (odindi nitrate ni wọ́n wọ̀n), 45 ni. Kó tó di ìgbà náà, ẹ kà á sí pé omi yín ti kọjá òpin.

Ẹ má náwó sórí fílítà inú jọ́ọ̀gì, kò lè yọ nitrate. Ẹ̀rọ oníyọ̀ tí wọ́n fi ń mú omi rọ̀ náà kò lè yọ ọ́. Reverse osmosis ni tiwa, ẹ̀rọ tó ń ti omi gba inú awọ tín-ín-rín kan kọjá, tó sì ń yọ nitrate, ó wà lábẹ́ síǹkì ìdáná, ọdọọdún ni mo sì ń gbé omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò.

Ẹ dákun, níbo ni Màmá ń sùn? Bó bá jẹ́ bésímẹ́ńtì, ìyẹn yàrá abẹ́ ilẹ̀, ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń wọn radon. Gáàsì ni, inú ilẹ̀ ló ti ń jáde, kò lóòórùn, kò láwọ̀. Lẹ́yìn sìgá, òun ló ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jù ní Amẹ́ríkà, gbogbo káúntì 99 tó wà ní Iowa ló sì wà lára ibi tó le jù sí. Bí ìwọ̀n rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ilé bá ti tó 4 pCi/L (picocurie nínú lítà afẹ́fẹ́ kan), wọ́n ní kéèyàn wá nǹkan ṣe. Tiwa jẹ́ 9. Wọ́n lu ilẹ̀ bésímẹ́ńtì, wọ́n ki páìpù bọ̀ ọ́, fáànù kan ń fa afẹ́fẹ́ abẹ́ ilẹ̀ gba òkè òrùlé jáde. Kò tó 2 mọ́ báyìí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Ṣé ẹ ní ẹ̀rọ tó ń ké bí carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín tí kò lóòórùn, bá wọlé? Lọ́dún kan, yìnyín dí ẹnu páìpù tí èéfín ẹ̀rọ amúlégbóná wa ń gbà jáde. Orí ń fọ́ gbogbo wa, ọmọ mi ọkùnrin ń bì, a rò pé ibà ni. Aago mẹ́ta òru ni ẹ̀rọ yẹn figbe ta. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ wa tí a fi sá jáde sínú yìnyín. Ẹ ra méjì, kí ẹ kan ọ̀kan sí tòsí yàrá tí ọmọ ń sùn. Òtútù ti ń bọ̀.

Ìyá Ìkókó:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Dókítà ti yẹ ọmọ wò, kò séwu. Ẹni tí káúntì rán ti wá bu omi, a ń retí èsì. Bésímẹ́ńtì ni Màmá ń sùn tẹ́lẹ̀. Ọkọ mi ti gbé bẹ́ẹ̀dì wọn gòkè, ó sì ti kan ẹ̀rọ méjì náà. Màmá fi máàkà kọ TI ỌMỌ sára galọ́ọ̀nù omi mẹ́fà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ohun tí wọ́n fi ń wọn radon wà nísàlẹ̀ láti àná, a ti ti gbogbo fèrèsé. Bí èsì méjèèjì bá dé, màá wá sọ fún yín.