Ẹja trout ń tẹ̀ lé ìdẹ, kò gbé e mì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apẹja. Adágún orí òkè tí kò lọ́nà ni o, ọkọ̀ ò ṣeé gbé débẹ̀, etí omi la ti ń ju ìwọ̀. Omi mọ́ gaara. Níbi tí ilẹ̀ ti já wọ ibú ni trout ti ń rìn yípo.

Okùn ìpẹja tó lè gba ìwọ̀n páùn 4 kó tó já ni mò ń lò, pẹ̀lú léfòó oníke tí mo bu omi sí díẹ̀ kó lè wúwo, lẹ́yìn rẹ̀ okùn tín-ín-rín mítà 2 àti kòkòrò àtọwọ́dá lórí ìwọ̀ nọ́ńbà 14. Bí atẹ́gùn bá ń ru ojú omi, ẹja ń gbé e. Bí omi bá dákẹ́ rọ́rọ́, ẹja á sún mọ́ ọn tó ìka mẹ́ta, á ṣẹ́rí padà. Mo fura sí bí léfòó ṣe ń já lu omi, pàá! Okùn tó gùn ju mítà 2 lọ sì ń lọ́ mọ́ra.

Ṣé kí n yọ léfòó, kí n fi òjé kékeré sókè ìwọ̀, kó ti rì sílẹ̀ kí ẹja tó yípo dé? Òjé tó ìwọ̀n wo ni kò ní há sáàárín òkúta?