Stall (ìgbà tí ìyẹ́ ò lè gbé bàlúù dáadáa mọ́): báwo ni ìmọ̀ awakọ̀ bàlúù ṣe yẹ kó jinlẹ̀ tó?

Akẹ́kọ̀ọ́_Bàlúù: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó ń kọ́ bàlúù kékeré Cessna 172, ṣé dandan ni kó mọ ìṣirò Bernoulli (nípa ìyára afẹ́fẹ́ àti bó ṣe ń tẹ nǹkan)? Àbí kó sáà ti mọ̀ pé tí ìyára bá wálẹ̀ dé nọ́ọ̀tì 48, afẹ́fẹ́ ò ní gbé e mọ́?

Olùkọ́_172: Ẹ fi Bernoulli sílẹ̀ ná. Gbólóhùn kejì yẹn ló lè pààyàn. Nọ́ọ̀tì 48 inú ìwé 172S (oríṣi 172 kan), ti bàlúù tó ru ẹrù kún, tó ń lọ gbọọrọ láìsí flap (abala ẹ̀yìn ìyẹ́ tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà ìbalẹ̀) ni. Igun tí ìyẹ́ fi pàdé afẹ́fẹ́ ló ń fa stall, kì í ṣe ìyára. Tó bá ti kọjá nǹkan bíi dìgírì 16, afẹ́fẹ́ á já kúrò lórí ìyẹ́. Bàlúù tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dìgírì 60 tí kò sì wálẹ̀, ìlọ́po méjì ìwúwo rẹ̀ ni ìyẹ́ ń gbé: ìyára tó ti máa stall kúrò ní 48, ó di 68 nìyẹn. Ní dìgírì 45, ó jẹ́ 57. Ibi tó léwu jù ni ìgbà tí awakọ̀ bá ń yà sójú ọ̀nà ìbalẹ̀, tó ti ré e kọjá, tó wá ń fi rudder (abala ìrù tó ń yí imú sọ́tùn-ún tàbí sósì) tì í wọlé, tó tún ń fa ọwọ́ ìdarí mọ́ra. Ìyẹ́ kan á kọ́kọ́ stall, bàlúù á dojú dé, ilẹ̀ ò sì jìnnà mọ́.

Igun_Ìyẹ́: Òótọ́ ni ọ̀gá sọ. Ẹ wo bàlúù Air France 447 tó já, 1 Oṣù Kẹfà 2009. Yìnyín dí páìpù pitot tó ń wọn ìyára bàlúù Airbus A330 náà, wọ́n fa imú rẹ̀ sókè, igun kọjá dìgírì 40. Tí ìyára tí ẹ̀rọ ń kà bá ti wálẹ̀ ju nọ́ọ̀tì 60, ìkìlọ̀ stall á dákẹ́; tí wọ́n bá ti imú sílẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹni tí ọ̀rọ̀ igun ò yé á rò pé títì yẹn ló fà á. Èèyàn 228 ló kú.

Akẹ́kọ̀ọ́_Bàlúù: Ó ti yé mi, ẹ ṣeun. Kí ni ọwọ́ máa kọ́kọ́ ṣe?

Olùkọ́_172: Ti ọwọ́ ìdarí síwájú títí ìkìlọ̀ á fi dákẹ́. Mú ìyẹ́ dọ́gba, fún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo agbára, kí o tó wá rọra gbé imú. Má fi aileron (abala etí ìyẹ́ tó ń mú bàlúù tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́) gbé ìyẹ́ tó ti já wálẹ̀ nígbà tí stall ṣì wà: aileron tó bá sọ̀ lórí ìyẹ́ yẹn á tún fi kún igun rẹ̀, á sì lè sọ ọ́ di spin, ìyẹn kí bàlúù máa yí bíi òkòtó wálẹ̀.